Omi Ìwẹ̀ Gbígbóná Láti Ọwọ́ Oòrùn: Bí A Ṣe Ń Ṣe É ní Àkúrẹ́, Kí Ooru Rẹ̀ Lè Dé Ìdájí

Ní ilé wa ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ìwẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kó tó di agogo méje, màmá mi kì í sì í fi omi tútù kan ara láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí tó fi máa lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, hítà tí a ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí iná bá wà. Tí kò bá sí iná, gáàsì ni, tàbí igi ìdáná lẹ́yìnkùlé. Lónìí, oòrùn ló ń ṣe é. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, láti orí ìṣirò títí dé orí páìpù tó kẹ́yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ má baà fi owó ṣòfò níbi tí èmi ti fi ṣòfò.

Ohun tó ṣe kókó jù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Kí oòrùn mú omi gbóná kò ṣòro ní Àkúrẹ́. Ẹ fi rọ́bà omi dúdú sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ wá ṣí ẹ̀rọ: omi tó kọ́kọ́ jáde lè jó ọwọ́. Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni kí omi tó gbóná ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ṣì gbóná ní agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì. Wákàtí mẹ́rìnlá ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, bí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, orí tánkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí, kí páńẹ́ẹ̀lì máa tẹ̀ lé e.

Páńẹ́ẹ̀lì iná yàtọ̀ sí páńẹ́ẹ̀lì omi

Bí ẹ bá ti dárúkọ sólà, páńẹ́ẹ̀lì tó ń fún ínfátà ní iná ni ó máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn. Ọ̀tọ̀ ni tiwa yìí. Páńẹ́ẹ̀lì iná ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún agbára tó bá sì bọ́ lé e lórí, nǹkan bí ogún ló ń rí mú. Páńẹ́ẹ̀lì omi kò sọ oòrùn di nǹkan mìíràn. Ooru náà ló ń gbà, ooru náà ló sì ń gbé fún omi, ó sì lè rí tó ìdajì agbára oòrùn mú. Ẹni tó gba iná lára oòrùn, tó tọ́jú rẹ̀ sínú bátìrì, tó tún wá fi iná yẹn se omi, ọ̀nà jíjìn ló gbà lọ síbi tó wà nítòsí.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Láti gbé omi lítà 100 kúrò ní 25°C dé 60°C, ẹ nílò nǹkan bí yúnìtì iná 4 (yúnìtì kan ni kWh kan). Bátìrì ínfátà 12V tó jẹ́ 200Ah, bí ẹ bá tilẹ̀ lò ó gbẹ pátápátá, yúnìtì 2.4 péré ló wà nínú rẹ̀. Bátìrì kan kò lè se omi ìwẹ̀ ilé kan, ẹni tó bá sì ń fi tipá ṣe é ń pa bátìrì rẹ̀ ni. Àwọn tó wà ní Band A nígbà tí owó iná gbéra sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà mọ ohun tí yúnìtì 4 lójoojúmọ́ ń ṣe sí káàdì mítà.

Ilé kan ṣoṣo ni mo lè gbà nímọ̀ràn pé kó fi páńẹ́ẹ̀lì iná se omi: ilé tí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tó ń lò lọ́sàn-án lọ, tí iná ń ṣòfò lórí òrùlé. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tan hítà inú tánkì láàárín agogo mọ́kànlá sí agogo méjì ọ̀sán. Ṣùgbọ́n tánkì tó ń pa ooru mọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, dandan ni fún òun náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ìwé tó máa ń bá ẹrù àwọn olùtajà wá sábà máa ń sọ pé ẹnì kan nílò lítà 40 tàbí 50 lójúmọ́. Ilé oníṣáwà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, bọ́kẹ́ẹ̀tì sì rọrùn láti kà.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba lítà 20, tí omi inú rẹ̀ wà ní 40°C, tó àgbàlagbà wẹ̀ dáadáa. Bí omi tánkì yín bá wà ní 60°C, tí omi tútù sì wà ní 25°C, lítà 9 péré nínú omi gbígbóná ni bọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa gbà, omi tútù ni ìyókù. Bí omi tánkì bá ti lọ sílẹ̀ sí 50°C, lítà 12 ni yóò gbà. Bó bá ti di 45°C, ó di lítà 15. Ẹ rí i pé bí omi ṣe ń tutù nínú tánkì lóru, bẹ́ẹ̀ ni iye èèyàn tó máa rí omi wẹ̀ nínú rẹ̀ ń dín kù.

Ẹni mẹ́fà ni àwa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ní ìdájí, mẹ́rin lálẹ́. Mo fi 50°C ṣe ìṣirò ti ìdájí, ó jẹ́ lítà 72. Mo fi 60°C ṣe ti alẹ́, ó jẹ́ lítà 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 108, ni mo bá ní kí wọ́n ṣe tánkì lítà 120. Bí abiyamọ bá wà nílé, ẹ fi lítà 30 tàbí 40 kún un, nítorí ìwẹ̀ ìyá, ìwẹ̀ ọmọ àti aṣọ ọmọ kì í ṣe omi kékeré.

Ní ti páńẹ́ẹ̀lì, ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan ní agbègbè wa ń rí nǹkan bí yúnìtì 4 sí 5 gbà lọ́dọ̀ oòrùn lóòjọ́. Ó ń lọ sílẹ̀ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ nígbà tí ojú ọ̀run bá wú. Páńẹ́ẹ̀lì tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ń mú ìdajì nínú rẹ̀, yóò gbé omi lítà 120 láti 25°C dé nǹkan bí 57°C lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ dáadáa. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí páńẹ́ẹ̀lì mítà méjì yìí máa bójú tó lítà 120, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá 150. Ẹni tó bá so tánkì lítà 300 mọ́ páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yóò ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ púpọ̀, kò sì ní ní omi gbígbóná.

Ìgbésẹ̀ kejì: òjìji

Ẹni tó bá ti sá kòkó rí ní ilẹ̀ Oǹdó ti mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó mọ ibi tí òjìji igi àgbọn máa dé ní agogo méjì, ó sì mọ̀ pé ibi tí oòrùn wà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló máa ń wà ní àkókò òjò. Ẹ fi ojú ẹni tó ń sá kòkó wo òrùlé yín. Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjìji igi, ti tánkì omi tútù tàbí ti ilé aládùúgbò kò gbọ́dọ̀ bo páńẹ́ẹ̀lì.

Nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni Àkúrẹ́ wà. Nítorí èyí, oòrùn máa ń dúró sí àárín orí wa gan-an lọ́sàn-án gangan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin, apá gúúsù ni. Ìgbà ọyẹ́ tí a nílò omi gbígbóná jù bọ́ sí àkókò tí oòrùn wà ní gúúsù, nítorí náà, ẹ kọjú páńẹ́ẹ̀lì sí gúúsù. Kò gba kọ́ńpáàsì: ẹ dúró lówùúrọ̀, kí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù.

Ẹ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n 15. Fún páńẹ́ẹ̀lì onímítà 2, ìyẹn ni pé kí orí rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 52. Bó bá tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku ọyẹ́ yóò jókòó sórí gíláàsì, òjò kò sì ní lè fọ̀ ọ́, omi inú páìpù náà yóò sì lọ́ra láti gòkè. Bí òrùlé yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tàbí ìlà-oòrùn, ẹ má torí ìyẹn ná owó irin rẹpẹtẹ láti yí páńẹ́ẹ̀lì padà. Ohun tí ẹ máa pàdánù kò pọ̀ níbi tí a wà yìí. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ìwọ̀-oòrùn ni màá mú, torí kùrukùru sábà máa ń bo òwúrọ̀ wa, ọ̀sán ni ojú ọ̀run ń mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀

Oríṣi méjì ni ẹ máa bá lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ àpótí pẹlẹbẹ tí gíláàsì bò lójú. Èkejì jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n tò síra wọn, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde bíi ti ìgò inú fúláásì. Ti ọ̀pá dára gan-an fún ìlú òtútù. Ní tiwa, mo fẹ́ràn ti àpótí pẹlẹbẹ, nítorí pé wẹ́dà àti káfíńtà àdúgbò lè tún un ṣe. Bí ọ̀pá kan bá fọ́, ẹ ó máa wá irú rẹ̀ kiri.

Èyí tí a ṣe nílé ni màá ṣàlàyé. Páìpù bàbà tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ni a tò ní òòró, mẹ́jọ ni wọ́n, sẹ̀ǹtímítà 12 sì ni àárín ọ̀kan sí èkejì. A fi páìpù bàbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ so wọ́n pọ̀ lókè, a sì fi irú rẹ̀ so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, tó fi dà bí àkàbà tó ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, a fi páànù alumíníọ́mù pẹlẹbẹ bò ó, a sì tẹ páànù náà ní ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan wà kó lè gbá páìpù mọ́ra. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Bí páànù bá kàn fara kan páìpù níbìkan, tó fò sókè níbòmíràn, yóò gbóná fún ara rẹ̀, omi kò ní mọ̀. Wáyà bàbà ni a fi dì í mọ́ra ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15.

Ọ̀dà dúdú tí kì í dán ni kí ẹ fi kùn ún, irú èyí tó lè fara da ooru. Ọ̀dà tó bá ń dán ń dá oòrùn padà. Gíláàsì ojú rẹ̀ jẹ́ onímílímítà 4. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti fi iná mú le, nítorí òjò òjijì lórí gíláàsì lásán tó ti gbóná lè là á. Ẹ jẹ́ kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ wà láàárín gíláàsì àti páànù dúdú.

Nísàlẹ̀ páànù, ẹ tẹ́ òwú gíláàsì tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ni èmi kọ́kọ́ lò, nítorí pé mo rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì náà wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí omi nínú rẹ̀, a ń dúró de tánkì. Nígbà tí a ṣí i, fóòmù náà ti rún jọ, ó ti yọ́ mọ́ páìpù. Páńẹ́ẹ̀lì tí kò sí omi nínú rẹ̀ máa ń gbóná ju omi híhó lọ dáadáa. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí ẹ máa fi aṣọ tàbí tapólì bò ó títí di ọjọ́ tí omi máa wọ inú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tánkì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ní 1891, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Kemp, gba ẹ̀tọ́ àtinúdá lórí ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná. Tánkì dúdú nínú àpótí onígíláàsì ni. Omi rẹ̀ ń gbóná lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òru ń gbà á padà, nítorí inú àpótí tó wà lójú afẹ́fẹ́ náà ni omi ń sùn. Ní 1909 ni William J. Bailey ní Kalifọ́níà yọ tánkì kúrò nínú páńẹ́ẹ̀lì, ó fi ohun tó ń dá ooru dúró wé e, ó sì pe ọjà rẹ̀ ní Day and Night, ìyẹn ọ̀sán àti òru. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa tánkì wà nínú orúkọ yẹn.

Tánkì inú ni kí wẹ́dà fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe. Kó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, kó dúró ní òòró. Ìdí rẹ̀ ni pé omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, òkè ló máa ń wà. Bí ẹ bá ti dé Ìkógòsì ní Èkìtì, ẹ ti rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń dà pọ̀. Nínú tánkì, a kò fẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. A fẹ́ kí tútù jókòó sísàlẹ̀, kí gbígbóná jókòó sókè, kí ẹ máa bu ti òkè lò. Tánkì gíga ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a kan àpótí plaiwúùdù yí i ká, tí a fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, lókè àti nísàlẹ̀. Inú àlàfo yìí ni ohun tó ń pa ooru mọ́ ń lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó pọ̀ ní sọ́míìlì káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá méjì: omi àti ikán. Lẹ́búlẹ́bú tó bá tutù kò pa ooru kankan mọ́ mọ́. Ẹ sá a gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ọ̀rá nípọn wé àlàfo náà kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ sì fi páànù bo òkè àpótí kí òjò má rí ọ̀nà wọlé. Èèpo ìrẹsì dára jù ú lọ bí ẹ bá rí i, nítorí ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Bí owó bá wà, òwú gíláàsì ni kí ẹ rà, kí ẹ gbàgbé ìyókù.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára? Ẹ gbé ọwọ́ lé ara àpótí náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí omi inú rẹ̀ gbóná. Kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibi tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ ni ooru ń gbà sá lọ. Tiwa máa ń pàdánù nǹkan bí ìwọ̀n 7 láàárín alẹ́ àti ìdájí.

Ẹ má gbàgbé ìwúwo. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Tánkì lítà 120 pẹ̀lú irin àti àpótí rẹ̀ lè súnmọ́ kílò 200. Igi òrùlé kò ṣe é gbé irú ẹrù yìí lé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ilé. Orí òpó irin kan náà tí tánkì omi tútù wà ni a gbé tiwa sí, ní àgbékà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìsopọ̀

Kò sí pọ́ǹpù nínú ètò yìí, kò sì nílò iná. Omi tó bá gbóná nínú páńẹ́ẹ̀lì á fúyẹ́, á gòkè lọ sínú tánkì; omi tútù tó wúwo á sọ̀kalẹ̀ láti ìdí tánkì wá rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po títí oòrùn á fi wọ̀. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, *ìdí tánkì gbọ́dọ̀ ga ju orí páńẹ́ẹ̀lì lọ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30.*

Èmi kò mọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ páńẹ́ẹ̀lì ni mo ní kí wọ́n gbé tánkì sí. Lọ́sàn-án omi gbóná, lóru ó yí ìrìn rẹ̀ padà, ó ń lọ tutù nínú páńẹ́ẹ̀lì tí afẹ́fẹ́ òru ń fẹ́ sí, ìdájí sì dé, omi wa kò yàtọ̀ sí ti kànga. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú lẹ́búlẹ́bú pákó. Wẹ́dà tó bá wa ṣiṣẹ́ ló wò ó lọ́jọ́ kan tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé tánkì yìí sókè ná, kí ẹ tó tú àpótí yín.” A gbé e sókè, ó tán.

Ẹ̀nu páìpù mẹ́rin àti ti èéfín kan ló wà lára tánkì. Páìpù omi tútù láti tánkì òkè wọlé nítòsí ìdí. Páìpù tó ń lọ sí ìdí páńẹ́ẹ̀lì jáde láti ìdí náà. Páìpù tó ń bọ̀ láti orí páńẹ́ẹ̀lì wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè. Páìpù tó ń lọ sí balùwẹ̀ jáde nítòsí òkè pátápátá. Ìkarùn-ún, tó ṣe pàtàkì jù, ni páìpù èéfín: láti téńté orí tánkì, yóò lọ sókè gbọọrọ títí yóò fi ga ju ojú omi inú tánkì omi tútù lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀, kó tẹ̀ wá sísàlẹ̀ kí òjò má wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí i, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi fáàfù sí i láéláé. Omi tó ń gbóná ń wú, bí kò bá rí ọ̀nà jáde, tánkì lè bẹ́. Bó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ló ń ti omi tútù yín wọlé dípò kó máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ètò yìí kò tó fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ fi fáàfù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru tàbí ìfúnpá omi bá pọ̀ jù sí i, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì bá yín fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí páìpù omi tútù kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdí tánkì kó tó padà wọlé, bí ìgbà tí èèyàn tẹ orúnkún. Èyí ni kì í jẹ́ kí ooru gòkè padà sínú tánkì omi tútù.

Láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti tánkì, páìpù tó ń gòkè gbọ́dọ̀ máa gòkè láìsinmi. Bó bá ṣe kókó sókè níbìkan, afẹ́fẹ́ á jókòó síbẹ̀, omi á sì dúró. Ẹ má lo PVC funfun lásán fún omi gbígbóná. Mo ti rí èyí tó rọ̀ tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. PPR tàbí CPVC ni kí ẹ lò dé balùwẹ̀, kí ti ẹnu páńẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ bàbà. Bàbà àti irin tí wọ́n fi sínńkì bò kò gbọ́dọ̀ wà nínú ètò kan náà tí omi ti ń yí po, nítorí bàbà á máa jẹ irin náà ní dídákẹ́. Ẹ fi fóòmù dúdú onípáìpù wé gbogbo ibi tí omi gbígbóná ń gbà, kí ẹ sì fi aṣọ bo fóòmù náà níbi tí oòrùn ti ń kàn án.

Omi àkọ́kọ́

Ìdájí tàbí alẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bu omi sínú páńẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe é lọ́sàn-án. Omi tútù tó bá kan gíláàsì àti bàbà tó ti gbóná gan-an lè fọ́ nǹkan. Ẹ ṣí ẹ̀rọ balùwẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi tán nínú páìpù. Ní agogo mọ́kànlá ọjọ́ náà, ẹ fọwọ́ kan páìpù méjèèjì tó wà lára páńẹ́ẹ̀lì: ti òkè gbọ́dọ̀ gbóná, ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù. Bí méjèèjì bá gbóná bákan náà, tàbí tí ti òkè ń jó ọwọ́ tí tánkì sì ṣì tutù, afẹ́fẹ́ ti há síbìkan.

Kí omi má baà di ewu

Omi 60°C lè bó àgbàlagbà lára láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ti ọmọdé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan ni mo fi lélẹ̀ nílé wa, màmá mi ló sì ń ṣọ́ ọ: omi tútù ni a ń kọ́kọ́ bu sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni gbígbóná. Fún ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. 37°C ti tó.

Ẹ̀gbẹ́ kejì sì tún wà. Omi tó bá ń jókòó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, láàárín 20 sí 45°C, ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Legionella ti ń bí sí i, èèyàn sì lè fa á símú pẹ̀lú èéfín omi ṣáwà, kó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ jẹ́ kí tánkì máa dé 60°C déédéé. Bí ẹ bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tú omi náà dànù kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù keje, oṣù kẹjọ, àti ìtọ́jú

Nígbà mìíràn lásìkò òjò, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá tí oòrùn kò ní yọjú rárá. Omi tánkì á wà ní 35°C tàbí 38°C. Ẹ má dà á nù, ẹ má sì sọ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Kẹ́tù omi híhó kan tí a dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi 36°C tó láti gbé e dé ibi tí a fẹ́. Gáàsì ṣì ń pẹ́ nílé wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá nínú òjò. Ẹni tó bá fẹ́ fi hítà oníná sínú tánkì, kó gbé e sí ìdá mẹ́ta òkè, kó ní ohun tó ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tó bá gbóná tó, kí oníná sì so ó mọ́ ilẹ̀ dáadáa.

Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú gíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀ kùtù. Eruku ọyẹ́ máa ń pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí omi bóòhóòlù yín bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí fáàfù ìdí tánkì lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹrẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ jáde, torí ẹ̀gbin yẹn náà ló máa ń dí àwọn páìpù wẹ́wẹ́ inú páńẹ́ẹ̀lì.

Bó bá jẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́

Ẹnì kan tó ń bójú tó adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Alágbàká wá wo tiwa, ó fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Adágún kò nílò 60°C. 26 sí 28°C ló ń wá. Fún ìyẹn, kò sí ìdí fún gíláàsì, àpótí tàbí tánkì. Ẹní rọ́bà dúdú tó ní ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ sórí òrùlé, pọ́ǹpù tó ń sẹ́ omi adágún náà ló sì ń ti omi gba inú wọn lọ́sàn-án. Kí ẹní náà fẹ̀ tó ìdajì ojú adágún, ó kéré tán. Ẹ má sì lo bàbà, nítorí kẹ́míkà tí a fi ń pa kòkòrò nínú adágún máa ń jẹ ẹ́.

Omi tó ń jáde nínú ẹní rọ́bà yìí kò ní gbóná lọ́wọ́, ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló máa fi ju èyí tó wọlé lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Omi tó pọ̀ tó ń kọjá pẹ̀lú ooru díẹ̀ ń kó ooru ju omi díẹ̀ tó gbóná lọ.

Ṣùgbọ́n kó tó ra ẹní kankan, mo ní kó lọ ra ìbòrí. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan àbọ̀, gba lítà 75,000. Láti gbé e sókè ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ó nílò ooru tó tó yúnìtì 87. Ẹní tó fẹ̀ tó ìdajì ojú rẹ̀ kò ní tètè rí iye yẹn kó jọ lóòjọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó gbẹ sì máa ń fa omi kúrò lójú adágún tó ṣí sílẹ̀, omi tó bá fẹ́ lọ ń mú ooru dání lọ, òun ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ooru tí adágún ń pàdánù. Ìbòrí ọ̀rá nípọn tí wọ́n ń tẹ́ sójú omi ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ká kúrò láàárọ̀, ló kọ́kọ́ lò. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló tó padà wá béèrè iye ẹní rọ́bà tó máa nílò.